Àwọn Oníwàásù Tí A Fẹ́ Pa Lẹ́nu Mọ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún ìjọ ní ọ̀sẹ̀ Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún

  

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Àjọ̀dún ránṣẹ́ sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìtàn Ìjọ, a mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń retí ni orúkọ àwọn tí ó kọ́ ṣí igbó ibí yìí, àti iye ẹni tí a ṣe ìrìbọmi fún ní ọdún kìn-ín-ní. Iṣẹ́ rere ni iṣẹ́ náà, àwọn tí ọwọ́ wọn dá ṣáṣá ju tiwa lọ ni yóò sì ṣe é. Ṣùgbọ́n ìjọ kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí a fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ó ní bàbá, bàbá rẹ̀ sì ní bàbá. Bí ọmọ bá mọ bàbá rẹ̀ nìkan, tí kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé bàbá-ńlá rẹ̀, yóò máa tún àṣìṣe ilé náà ṣe láìmọ̀.

Nítorí náà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a mú wá: Ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti wàásù, ta ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti pa oníwàásù lẹ́nu mọ́? Ìbéèrè yìí dá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rú fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, láàárín ìgbà tí Ìjọ wa yà kúrò lábẹ́ Póòpù àti ìgbà tí a ṣe òfin ìfàyègbà ní ọdún 1689. A ó mú ọkùnrin méjì ṣe ẹlẹ́rìí. Èkínní jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Canterbury. Èkejì jẹ́ ẹni tí ń lẹ ìkòkò tí ó lu. Wọn kò mọ ara wọn, nítorí èkínní kú ní ọdún 1583, a kò sì bí èkejì títí di ọdún 1628. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni ó mú àwọn méjèèjì.

Nígbà tí àga ìwàásù ṣófo

Ní ọdún 1534 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin mú un pé ọba ni olórí Ìjọ ilẹ̀ náà, kì í ṣe Póòpù mọ́. Òfin yá ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ àwọn ènìyàn? Ọ̀pọ̀ àlùfáà ìgbà náà lè ka ìsìn, wọ́n lè ṣe ìrìbọmi, wọ́n lè sin òkú. Ṣùgbọ́n láti dúró kí wọ́n sì ṣí Ìwé Mímọ́ yé ìjọ, agbára wọn kò gbé e. Nítorí èyí ni Cranmer, tí í ṣe Bíṣọ́ọ̀bù àgbà nígbà náà, ṣe mú ìwé ìwàásù kan jáde ní ọdún 1547. Ìwàásù méjìlá ni ó wà nínú rẹ̀, kí àlùfáà tí kò lè wàásù kí ó máa kà á fún ìjọ. Ní ọdún 1549 ni Ìwé Àdúrà àkọ́kọ́ jáde ní èdè àwọn ènìyàn náà.

Láìpẹ́ ìjì dé. Ọbabìnrin Mary gun orí ìtẹ́ ní ọdún 1553, ó sì dá ilẹ̀ náà padà sọ́dọ̀ Póòpù. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1555 ni a dáná sun Bíṣọ́ọ̀bù Ridley àti Bíṣọ́ọ̀bù Latimer ní Oxford. Ní oṣù kẹta ọdún 1556 a sun Cranmer pẹ̀lú. Nígbà tí Mary kú ní ọdún 1558, àbúrò rẹ̀ Elizabeth jọba, Ìwé Àdúrà sì padà wá sí ilé Ọlọ́run ní ọdún 1559. Ṣùgbọ́n àga ìwàásù ṣì ṣófo ní ìlú púpọ̀. Àlùfáà tí kò ní ìwé àṣẹ ìwàásù kò gbọdọ̀ wàásù. Kíkà ni kí ó kà nínú ìwé ìwàásù, kí ó sì jókòó.

Ẹ má ṣe fi àwọn àlùfáà wọ̀nyí rẹ́rìn-ín. Àwa tí a ti wà ní oko ìhìnrere mọ bí ó ti rí, kí ènìyàn kan ṣoṣo máa bójú tó ìjọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ó sì dé ibi ìkẹyìn nígbà tí ohùn rẹ̀ ti há. Ìwé kíkà dára ju àìrí-nǹkan-gbọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ebi tí ń pa ọkàn kì í tán nípa ọbẹ̀ àná tí a ń gbóná lójoojúmọ́.

Edmund Grindal

Ní ìlú kékeré kan tí a ń pè ní St Bees, létí òkun ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a bí Edmund Grindal, ní nǹkan bí ọdún 1519. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge, ó sì di àlùfáà tí ń bá Bíṣọ́ọ̀bù Ridley ṣiṣẹ́. Nígbà tí a ń sun ọ̀gá rẹ̀ ní Oxford, Grindal ti sá lọ sí Strasbourg. Láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń ran John Foxe lọ́wọ́ láti kó ìtàn àwọn ajẹ́rìíkú jọ. Nígbà tí Elizabeth jọba, ó padà wá. Ó di Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1559, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti York ní ọdún 1570, àti ti Canterbury ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1576. Kò sí ipò tí ó ga ju èyí lọ fún àlùfáà ní gbogbo ilẹ̀ náà.

Ní àkókò náà ohun kan ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ẹkùn, tí wọ́n ń pè ní ìsọtẹ́lẹ̀. Wọ́n mú orúkọ yìí láti inú orí kẹrìnlá Ìwé Kìn-ín-ní sí àwọn ará Kọ́ríńtì. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ń ríran. Bí wọ́n ti ń ṣe é ni èyí: àwọn àlùfáà àgbègbè kan a péjọ ní ìlú ọjà, nínú ilé ìsìn. Wọn a mú ibi kan nínú Ìwé Mímọ́. Ẹni tí ó kéré nínú wọn a kọ́ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, òmíràn a tẹ̀ lé e, òmíràn a tún tẹ̀ lé e, lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà tí ó bá yá, àgbà kan tí a fi ṣe olórí a kó gbogbo rẹ̀ jọ, a sì parí ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ìjọ a jókòó, wọn a máa gbọ́, àwọn tí ó mọ̀wé nínú wọn a sì ṣí Bíbélì lé orí ẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí àwọn àlùfáà nìkan a lọ sí ìkọ̀kọ̀, wọn a sì tọ́ ara wọn sọ́nà: ìwọ, o ṣi ẹsẹ yìí lò, ìwọ, ọ̀rọ̀ rẹ gùn jù. Nípa bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò lè wàásù ní ọdún tí ó kọjá ń di oníwàásù ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Inú Ọbabìnrin kò dùn sí i. Kí a má ṣe rò pé ìkà lásán ni ó mú un. Ní ọdún 1569 àwọn ìjòyè ìhà àríwá ti dìtẹ̀ sí i. Ní ọdún 1570 Póòpù ti yọ ọ́ kúrò nínú Ìjọ, ó sì ti wí fún àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ pé kí wọn má ṣe gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ní ọdún 1572 ni wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ìjọ Àtúnṣe ní ilẹ̀ Faransé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ, bí ó bá rí okùn, sísá ni yóò sá. Ọbabìnrin rí èrò tí ń péjọ. Ó gbọ́ pé ní ibòmíràn àwọn tí kì í ṣe àlùfáà ń dá sí ọ̀rọ̀, àti pé àwọn tí a ti gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn ń rí ibi sọ̀rọ̀. Ó pe Bíṣọ́ọ̀bù àgbà rẹ̀ ní ọdún 1576, ó sì pàṣẹ fún un: kí ó pa ìpéjọpọ̀ wọ̀nyí run, kí ó sì dín àwọn oníwàásù kù. Ó wí pé oníwàásù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún odindi ẹkùn kan.

Grindal lọ sí ilé. Kò fi ìbínú dáhùn. Ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ó bi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn rí nípa ìpéjọpọ̀ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́rìí pé èrè wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1576, ó kọ ìwé gígùn sí Ọbabìnrin.

Nínú ìwé náà ó fi ẹ̀rí hàn pé ìwàásù ni ọ̀nà tí Ọlọ́run yàn láti gba ènìyàn là, àti pé òun náà ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú láti bọ̀wọ̀ fún ọba. Ó rán an létí Halifax, ìlú tí ìwàásù ti pọ̀, pé nígbà ìdìtẹ̀ ìhà àríwá àwọn ará ibẹ̀ ni ó múra láti jà fún Ọbabìnrin. Ó wí pé ìwé ìwàásù kíkà dára níbi tí kò sí oníwàásù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń fi dípò rẹ̀. Ó wí pé bí àléébù bá wà nínú ìpéjọpọ̀, kí a tún un ṣe, kí a má fi òfin pa á rẹ́. Ó sì ti ṣe ìlànà fún un, pé àlùfáà nìkan ni kí ó máa sọ̀rọ̀, kí bíṣọ́ọ̀bù sì mọ̀ sí i. Lẹ́yìn gbogbo èyí ó wá sí kókó: ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè fi ọwọ́ sí àṣẹ náà. Bí ó bá wu Ọbabìnrin láti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, yóò fi ìrẹ̀lẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀. Ó sì rán an létí pé ẹni kíkú ni òun náà, àti pé ìdájọ́ ń bẹ níwájú ọba gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bẹ níwájú tálákà.

Ẹ̀yin ará, ta ni ó ń bá ọba sọ irú ọ̀rọ̀ yìí? Ọbabìnrin kò dá ìwé náà lóhùn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1577 ó kọ̀wé fúnra rẹ̀ sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù pé kí ìpéjọpọ̀ náà kí ó dópin. Ní oṣù kẹfà a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Grindal, a sì há a mọ́ ilé rẹ̀ ní Lambeth. Ó ń jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní orúkọ, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ni ń ṣe iṣẹ́. Ọdún ń gorí ọdún, ojú rẹ̀ fọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1583 ó kú ní Croydon, níbẹ̀ ni a sì sin ín sí. Ó fi owó sílẹ̀ láti dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní St Bees, ìlú tí a ti bí i.

Ẹ jẹ́ kí a bèèrè: ǹjẹ́ pípa tí a pa ìpéjọpọ̀ náà rẹ́ ha mú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wá bí? Kò mú un wá. Ohun tí a bá lé kúrò ní gbangba, inú yàrá ni ó ń wọ̀. Láti ọdún 1582 títí dé ọdún 1589 àwọn àlùfáà kan ní àgbègbè Dedham ń pàdé ní ìkọ̀kọ̀ láìsí àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù. Whitgift, tí ó jókòó sí ipò Grindal, fi agbára mú àwọn àlùfáà láti fọwọ́ sí ìwé ìfohùnṣọ̀kan, ó sì dá àwọn tí ó kọ̀ dúró. Àwọn mìíràn wá sọ pé Ìjọ náà kò ṣeé tún ṣe mọ́, wọ́n sì jáde pátápátá. Ní ọdún 1593 a so Henry Barrow, John Greenwood àti John Penry kọ́. Ní ọdún kan náà a ṣe òfin kan: ẹni tí ó bá kọ̀ láti wá sí ilé ìsìn, tí ó sì ń lọ sí ìpéjọpọ̀ mìíràn, a ó fi í sí túbú, bí kò bá ronú pìwà dà láàárín oṣù mẹ́ta, a ó lé e kúrò ní ìlú, bí ó bá padà wá láìgba àṣẹ, pípa ni a ó pa á. Ẹ fi òfin yìí sọ́kàn, nítorí ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni ó mú ẹlẹ́rìí wa kejì.

John Bunyan

Ní abúlé Elstow, lẹ́bàá ìlú Bedford, ni a bí John Bunyan. Inú Ìjọ wa ni a ti ṣe ìrìbọmi fún un, ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1628. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni òun náà kọ́: ó ń ti ilé dé ilé, ó ń lẹ ìkòkò àti àwo irin tí ó ti lu. Ìwé tí ó kọ́ kò pọ̀. Ó ṣe ológun díẹ̀ nígbà ogun láàárín ọba àti Ilé Ìgbìmọ̀.

Ní ọjọ́ kan tí ó ń ṣiṣẹ́ kiri ní Bedford, ó rí obìnrin tálákà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n jókòó lẹ́nu ọ̀nà nínú oòrùn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí Ọlọ́run ṣe nínú ọkàn wọn. Ó súnmọ́ wọn nítorí ó rò pé òun mọ ọ̀rọ̀ ìsìn í sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ tiwọn, ó mọ̀ pé òun kò mọ nǹkan kan. Kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù ni ó kọ́ jí ọkùnrin yìí lójú oorun, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Àwọn ìyá ẹlẹ́nu ọ̀nà ni. Ẹ̀yin Ẹgbẹ́ Ìyá, ẹ gbọ́ o.

Ó darapọ̀ mọ́ ìjọ àwọn obìnrin náà, ìjọ tí ó wà lẹ́yìn Ìjọ wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Nígbà tí Charles Kejì padà sórí ìtẹ́ ní ọdún 1660, a tún gbé òfin àtijọ́ jáde. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún náà, Bunyan lọ wàásù ní ilé oko kan ní Lower Samsell. Wọ́n ta á lólobó pé a ti kọ ìwé láti mú un. Onílé bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn túká. Ó rìn jáde lọ sínú pápá, ó ro ọ̀rọ̀ náà wò: bí òun tí òun ti ń ki àwọn ẹlòmíràn láyà bá sá, kí ni àwọn aláìlera yóò ṣe? Ó padà wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìsìn. Kò tí ì sọ̀rọ̀ jìnnà tí ọlọ́pàá fi wọlé.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1661 a mú un wá sí iwájú àwọn adájọ́. Bunyan tọ́ka sí Ìwé Kìn-ín-ní Pétérù, níbi tí Àpọ́sítélì náà ti wí pé kí olúkúlùkù máa lo ẹ̀bùn tí ó rí gbà. Adájọ́ Kelynge dá a lóhùn, ó ní ìtumọ̀ ẹsẹ náà ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni ẹ̀bùn ẹni: bí ẹnìkan bá gba ẹ̀bùn lílẹ ìkòkò, kí ó lọ máa lẹ ìkòkò rẹ̀, kí àlùfáà sì máa ṣe iṣẹ́ àlùfáà. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí. Adájọ́ wá ka òfin ọdún 1593 sí i létí: oṣù mẹ́ta ní túbú, lẹ́yìn náà ìlékúrò ní ìlú, lẹ́yìn náà okùn. Bunyan fèsì pé bí a bá tú òun sílẹ̀ lónìí, òun yóò tún wàásù lọ́la.

Ó ní ìyàwó, Elizabeth, ẹni tí ó fẹ́ lẹ́yìn tí ìyàwó àkọ́kọ́ kú, àti ọmọ mẹ́rin tí ìyàwó àkọ́kọ́ bí. Ọ̀kan nínú wọn, Mary, jẹ́ afọ́jú. Elizabeth lóyún nígbà tí a mú ọkọ rẹ̀. Ìjayà mú un, oyún náà sì bọ́. Síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1661 obìnrin yìí lọ dúró níwájú àwọn adájọ́ àgbà ní Bedford, láàárín àwọn ọlọ́lá, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé nítorí pé ọkọ òun jẹ́ alẹ-ìkòkò àti tálákà ni a ṣe fi í ṣẹ̀sín tí a kò sì ṣe ìdájọ́ òtítọ́ fún un. Adájọ́ Matthew Hale ṣàánú rẹ̀, ó sì fi ọ̀nà òfin hàn án, ṣùgbọ́n kò tú ọkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọdún méjìlá ni Bunyan lò ní túbú, láti ọdún 1660 títí dé ọdún 1672. Ó ń ṣe okùn ìdìbàtà tí a fi irin dì lẹ́nu, a sì ń tà á kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè jẹun. Bíbélì àti ìwé Foxe nípa àwọn ajẹ́rìíkú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé kan náà tí Grindal ti ṣe ìrànlọ́wọ́ fún. Ẹ wo bí Ọlọ́run ti ń so okùn pọ̀: iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Ìjọ wa ṣe ní ìgbèkùn di oúnjẹ fún ẹni tí Ìjọ wa tì mọ́lé. Láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ a tún fi í sí túbú fún bí oṣù mẹ́fà. Ní ọdún 1678 ìwé rẹ̀ jáde, èyí tí a fi sọ ìrìn-àjò Onígbàgbọ́ láti Ìlú Ìparun lọ sí Ìlú Ọ̀run. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1688.

A kò ní kí ẹ rò pé aláìlábùkù ni. Ó sọ ọ̀rọ̀ líle sí Ìwé Àdúrà wa, ìwé tí ó ti tu ọkàn púpọ̀ nínú. Ìwé tí ó kọ́ kọ jáde ní ọdún 1656 jẹ́ ìbínú sí àwọn Quaker, àwọn ẹni tí àwọn náà ń jìyà nítorí ẹ̀rí ọkàn wọn. Ẹni tí a ń ni lára kò ṣaláìní ẹni tí òun náà fẹ́ ni lára.

Ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀

Ẹnìkan lè wí pé: Katikíìsì, ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni èyí, kí ni tiwa níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a fi ohun mẹ́ta hàn yín.

Èkínní ni Ìwé Àdúrà. Èyí tí àwọn bàbá wa fi kọ́ wa ní ìsìn, tí Àlùfáà Samuel Crowther túmọ̀ tí ó sì jáde ní èdè wa ní ọdún 1850, ti inú ìwé ọdún 1662 wá. Òfin tí ó mú ìwé náà jáde ní ọdún 1662 ni ó lé àwọn àlùfáà tí kò lè fi gbogbo ọkàn fọwọ́ sí i kúrò. Bí a bá ka àwọn tí ó ti lọ láti ọdún 1660, wọ́n tó nǹkan bí ẹgbàá. Ní ọdún 1664 a fòfin de ìpéjọpọ̀ ìsìn tí ó bá ju ènìyàn márùn-ún lọ lẹ́yìn àwọn ará ilé. Ní ọdún 1665 a lé àwọn àlùfáà náà jìnnà sí ìlú ńlá. Ọdún 1689 ni òfin ìfàyègbà tó jẹ́ kí wọ́n sìn ní gbangba, síbẹ̀ kò kan gbogbo ènìyàn. A fẹ́ràn Ìwé Àdúrà wa, a ó sì máa fẹ́ràn rẹ̀ títí a ó fi sùn nínú Olúwa. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ pé nígbà tí a kọ́ ṣí i, omijé àwọn ẹlòmíràn wà lára ewé rẹ̀.

Èkejì ni ìwé Bunyan. Ta ni ó mú un wá sí èdè Yorùbá? David Hinderer ni, òjíṣẹ́ C.M.S., ẹni tí ó lọ fi ìdí iṣẹ́ múlẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1853. Ìjọ tí ó fi Bunyan sí túbú ni ó rán Hinderer jáde. Ọmọ Ìjọ náà sì ni ó fi ìwé Bunyan lé àwọn bàbá wa lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń kà á ní ilé ẹ̀kọ́ àti nínú ilé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà mọ Onígbàgbọ́ àti ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ kí a tó mọ orúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Òkúta tí àwọn bàbá-ńlá kọ̀ ni àwọn ọmọ fi kọ́ ilé.

Ẹ̀kẹta ni ilé àwa tìkára wa. Ní Èkó ní ọdún 1901, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjọ wa jáde kúrò ní Breadfruit, wọ́n sì dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1918, inú ilé ìsìn wa ti St Saviour ni ẹgbẹ́ àdúrà kan ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1922 wọ́n ti yà kúrò, wọ́n sì wà lára gbòǹgbò àwọn Ìjọ Aládùúrà tí ó kún ilẹ̀ wa lónìí. A kò sọ pé ẹ̀bi jẹ́ ti apá kan. A ń sọ pé ìtàn Grindal àti Bunyan kò dúró sí òkè òkun.

Ohun tí ó kù yìí nira fún wa láti sọ, ṣùgbọ́n bí a bá fi í pamọ́ a kò sọ òtítọ́. Nígbà tí ara wa ṣì le, tí a wà ní àbójútó ìjọ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọjà. Kò lọ jìnnà nínú ẹ̀kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ènìyàn jọ ní ìdájí nínú yàrá ilé ẹ̀kọ́ wa, wọ́n ń gbàdúrà, ó sì ń ka Ìwé Mímọ́ fún wọn, ó ń ṣàlàyé bí ó ti yé e. Àwọn kan wá fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. A pè é. A kò bi í léèrè ohun tí ó ń kọ́ wọn. A kò lọ jókòó gbọ́ ọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. A bi í léèrè pé, “Ta ni ó fún ọ ní àṣẹ?” Nígbà tí kò rí èsì, a ní kí ó lọ kojú mọ́ táyà àti ṣéènì rẹ̀, kí ó fi iṣẹ́ Ọlọ́run sílẹ̀ fún àwọn tí a kọ́ sí i. A ti yàrá náà pa, a sì mú kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, Bàbá.” Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, a kò rí i, a kò sì rí ènìyàn mẹ́tàdínlógún mìíràn. Wọn kò padà wá mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni a ka ọ̀rọ̀ tí Adájọ́ Kelynge sọ fún Bunyan, pé kí ó lọ máa lẹ ìkòkò rẹ̀. A pa ìwé náà dé, a kò lè kà á síwájú ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àwa tí a ti ń fi Kelynge ṣe ẹni búburú nínú ẹ̀kọ́ wa, ohùn tiwa ni a gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwa pẹ̀lú kì í ṣe àlùfáà! Ìwé àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù nìkan ni ó yà wá sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọkùnrin náà. Bí ẹnìkan bá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn katikíìsì àkọ́kọ́, ta ni ì bá dá ọ̀pọ̀ ìjọ tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀?

A wá a kàn. Ó ti ní irun funfun, ó sì jẹ́ olórí ilé àdúrà kan. A tọrọ àforíjì. Ó di ọwọ́ wa mú, ó ní, “Bàbá, lọ́wọ́ yín ni mo ti kọ́ bí a ti ń ṣí Bíbélì.” A sunkún jọ. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn méjìdínlógún náà, ìjọ tí a fi sílẹ̀ nígbà náà kò rí wọn gbà padà, àdúrà ìdájí náà kò sì sí níbẹ̀ mọ́ fún ọdún púpọ̀.

Ẹ̀yin Àlùfáà wa, a kò wí pé kí ẹ tú gbogbo ẹnu sílẹ̀ láìsí ìlànà. Grindal kò wí bẹ́ẹ̀. Àṣẹ dára, ìlànà dára, ìjọ tí ẹnikẹ́ni lè dìde láti sọ ohunkóhun yóò di ọjà. Ọ̀pọ̀ sì wà lóde òní tí ń fi ìwàásù jẹun, tí ń ta omi àti òróró fún àwọn tí ìyà ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe bí Grindal ti ṣe kí ó tó kọ̀wé: ó bèèrè, ó gbọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí àléébù bá wà, ẹ tún un ṣe. Ẹ lọ jókòó ní ẹ̀yìn yàrá náà ní ìdájí, kí ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ náà ń sọ, kí ẹ tó mú kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí Ọlọ́run fi iná sí nínú, ẹ̀yin pẹ̀lú ẹ gbọ́. Grindal kò bú ọba. Bunyan kò gbé idà. Ọ̀kan dúró sínú Ìjọ, ó sì jìyà. Èkejì dúró lóde, ó sì jìyà. Kò sí èyí tí ó fi ìbínú ṣe é. Bí ẹ bá bínú jáde, ìbínú ni ẹ ó fi kọ́ ilé, ilé náà kò sì ní pẹ́ ya.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá lórí ìjọ yìí. Nígbà tí àwọn ọmọ ọmọ wa bá péjọ fún igba ọdún rẹ̀, tí ẹnìkan bá sì dìde láti ka orúkọ àwọn oníwàásù tí ó jáde láti inú rẹ̀, kí ó má ṣe rí i nínú ìwé wa pé àwọn tí ó dára jù lọ ni a fi ọwọ́ ara wa tì sóde. Kí Olúwa ìkórè rán òṣìṣẹ́ sínú ìkórè rẹ̀, kí ó sì fún wa ní ojú láti mọ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n bá dé pẹ̀lú epo kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ògo ni fún Baba, àti fún Ọmọ, àti fún Ẹ̀mí Mímọ́. Àmín.